Àlejò àti Ọmọ Onílé

Bí àlejò pàtàkì bá wọ ilé ènìyàn, tí a ti bu omi fún un, tí a ti tẹ́ ẹní, tí a sì ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, bí ó bá wá wò yíká tí ó sì wí pé òun kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ náà àfi bí a bá mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé jáde, kí ni ó tọ́ kí baálé ilé ṣe? Ìbéèrè yìí kò rọrùn tó bí ó ti rí létí. Ẹni tí ó bá yára dáhùn pé kí a lé àlejò náà, ó dà bí ẹni tí kò gba àlejò rí. Ẹni tí ó bá sì yára dáhùn pé kí ọmọ dìde, òun náà kò tíì bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó ń rò bí ó ti jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, tí ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tí ń jẹun.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1906. Orúkọ ọmọ ilé náà ni James Peters, ẹni tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe eré rọ́gbì fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìtàn náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú eré tí rọ́gbì í ṣe, nítorí kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń gbá ní ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin, ọwọ́ ni a sì fi ń gbé e sáré. Àwọn ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó sanra nínú wọn a máa fi èjìká ti ara wọn bí àgbò tí ń kàn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn méjì kan ń dúró sí, tí ń gba bọ́ọ̀lù bí ó bá ti jáde láàárín ẹsẹ̀ àwọn tí ń jà, tí wọ́n sì ń pinnu ibi tí yóò gbà. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí ni Peters. Ipò náà ń fẹ́ ojú tí ó yá, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n, àti ọkàn tí kì í sá fún ìkọlù.

Ìgbésí ayé rẹ̀ ti kọ́ ọ ní gbogbo èyí kí ó tó rí bọ́ọ̀lù. A bí i ní ọdún 1879 ní Salford, ìlú tí ó fara kan Manchester. Bàbá rẹ̀, George, ti erékùṣù Jàmáíkà wá. Ìyá rẹ̀, Hannah, jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti agbègbè Shropshire. Iṣẹ́ bàbá náà ni láti máa kọ́ kìnnìún ní eré, nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ń kó ẹranko kiri ìlú fún àwọn ènìyàn láti wò. Kìnnìún ni ó sì pa á nínú àhámọ́ tí ó ti ń kọ́ wọn. Agbára ìyá kò ká ọmọ náà mọ́. Ó fà á lé ẹgbẹ́ eléré mìíràn lọ́wọ́, wọ́n sì ń lò ó láti gun ẹṣin tí kò ní gàárì, kí àwọn olùwòran lè pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá, apá rẹ̀ dá. Ọmọ tí apá rẹ̀ dá kò lè gun ẹṣin, ẹni tí kò lè gun ẹṣin kò lè pa owó wọlé; wọ́n fi í sílẹ̀ wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tí Ọ̀gbẹ́ni Fegan, Kristẹni kan, dá sílẹ̀ ní Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó gbà á. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ mìíràn ní Greenwich. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe olórí nínú eré ìdárayá wọn. Èyí wù mí púpọ̀. Nínú ilé tí kò sí ọmọ kan tí ó ní bàbá tí yóò fi yangàn, kò sí ẹni tí ó bèèrè ibi tí olórí ti wá, bí kò ṣe ohun tí ó lè ṣe.

Ní ọdún 1898 ó dé Bristol, láìpẹ́ ó sì ń ṣeré fún ẹgbẹ́ ńlá ìlú náà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó dùn mọ́: a ròyìn pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ìwé ìròyìn sì wà tí ó ń kùn pé ó gba àyè mọ́ aláwọ̀ funfun lọ́wọ́. Ní 1902 ó ṣí lọ sí Plymouth ní etíkun, ó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ó sì ń ṣeré fún Plymouth àti fún ẹkùn Devon. Òun àti Raphael Jago ni wọ́n jọ ń dúró ní ipò méjì tí mo sọ yẹn fún Devon, Devon sì borí gbogbo ẹkùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1906. Nígbà náà ni ó di dandan fún àwọn tí ń yan ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè láti wò ó. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún náà, ó wọ ẹ̀wù funfun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìdíje pẹ̀lú Skọ́tíláǹdì ní Edinburgh, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì borí pẹ̀lú àmì 9 sí 3. Ní ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn èyí, ó tún wà láàárín àwọn tí wọ́n bá ilẹ̀ Faransé díje ní Párísì, ìgbà kìíní tí ilẹ̀ méjèèjì pàdé lórí pápá rọ́gbì: 35 sí 8. Ọmọ tí àwọn eléré fi sílẹ̀ pẹ̀lú apá dídá ti di ọmọ ilé. Ó ti jókòó sórí ẹní.

Nígbà náà ni àlejò dé.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù Gúúsù Áfíríkà ni. Wọ́n gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1906, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ rọ́gbì ilẹ̀ wọn yóò rìnrìn-àjò lọ sí òkè òkun. Nínú ìrìn-àjò yìí ni wọ́n sì ti gba orúkọ Springbok, èyí tí í ṣe orúkọ irú ẹtu kan ní ilẹ̀ wọn. Olórí wọn, Paul Roos, jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Ó darí ilé-ìwé àwọn ọmọkùnrin kan ní Stellenbosch láti 1910 títí di 1940, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe ilé-ìwé náà títí di òní.

A kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ohun tí àwọn àlejò wọ̀nyí dúró fún. Ọdún mẹ́rin péré ni ogun Bóà fi parí kí wọ́n tó dé. Láti 1899 di 1902 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Bóà fi pa ara wọn. Àwọn obìnrin àti ọmọdé Bóà tí ó lé ní 20,000 ni ó kú nínú àgọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wọn sí. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ Bóà àti àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ń gbé Gúúsù Áfíríkà wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n wá bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ilé ṣeré, wọ́n sì ń bọ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí eré bá parí. Ta ni kò ní fẹ́ kí irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yọrí sí rere? Ẹni tí ó bá ti rí ilé méjì tí ìjà ilẹ̀ pín, tí wọ́n wá ń jẹun pa pọ̀ fún ìgbà kìíní, yóò mọ̀ pé ènìyàn a máa rọra mí ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, kí àwo má baà fọ́.

Ní oṣù Kẹwàá, àwọn àlejò wá sí Plymouth láti bá Devon díje. Ìtàn tí a ń sọ nípa ọjọ́ náà ni pé, nígbà tí wọ́n rí Peters láàárín àwọn tí wọn yóò bá ṣeré, wọ́n kọ̀, wọn kò fẹ́ jáde. Ogunlọ́gọ̀ tí ó tó nǹkan bí 20,000 ni ó ń dúró yí pápá ká. Wọ́n ní aṣojú kan láti ilẹ̀ wọn tí ó wà níbẹ̀ ni ó lọ bá wọn sọ̀rọ̀, tí ó sì pàrọwà fún wọn kí wọ́n tó gbà. Devon kò mú Peters kúrò. Wọ́n ṣeré náà tán, àwọn àlejò borí, oòrùn wọ̀, olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ogun kò tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pàdé àwọn àlejò náà ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbìmọ̀ kò yan Peters. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, 3 sí 3. Ohun tí àwọn òpìtàn eré náà gbà ni pé nítorí àwọn àlejò ni a ṣe yọ ọ́. Ẹ sì kíyè sí èyí: ní oṣù Kejì ọdún 1907, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, a tún yàn án láti bá Áyálándì díje, a yàn án sí Skọ́tíláǹdì ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, a sì tún yàn án ní 1908 láti bá Wélísì díje. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo ni, kò ní fúyẹ́ padà lẹ́yìn oṣù méjì.

Mo ti gbọ́ tí ọlọ́gbọ́n kan gbèjà ìgbìmọ̀ náà báyìí: eré ni eré, ilé ẹjọ́ kọ́, kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ kí a yan òun, bí yíyọ ẹnì kan bá lè mú kí àlàáfíà àárín orílẹ̀-èdè méjì tẹ̀síwájú, ó yẹ kí ẹni náà fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda. Ọ̀rọ̀ yìí ní agbára, n kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bíbu ọlá fún àlejò kì í ṣe ohun kékeré láàárín wa. Àwọn baba wa a máa wí pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Onílé tí ó jẹ gbèsè nítorí àlejò, ẹni rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òwe náà dáadáa. Ta ni ó jẹ gbèsè nínú rẹ̀? Onílé fúnra rẹ̀ ni. Ta ni yóò san án? Onílé kan náà ni. Kò sí ibi tí a ti gbọ́ pé kí baálé ilé jẹ gbèsè kí ó sì fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà láìsọ fún un. Bí àwọn ìgbìmọ̀ bá fẹ́ fi nǹkan rúbọ fún àlàáfíà, wọn ìbá fi ohun tí í ṣe tiwọn rúbọ. Ohun tí wọ́n fi rúbọ kì í ṣe tiwọn. Ó jẹ́ ti káfíńtà kan ní Plymouth tí kò jagun pẹ̀lú Bóà kankan.

Ọ̀rọ̀ pé kí ẹni náà fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda dára, bí a bá lọ bá a. Ẹni tí a bá lọ bá, tí a sọ fún pé, “Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí, kí ni o rí sí i?”, a ṣì kà á sí ènìyàn, ìbáà jẹ́ ohun burúkú ni a fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí a kàn fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ, a ti kà á sí ohun èlò, irú èyí tí a ń gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí àlejò bá ń bọ̀.

Ní ti àlàáfíà náà pẹ̀lú, ohun tí ó tẹ̀lé e yẹ ní kíkíyèsí. Nínú ogun Bóà, kì í ṣe aláwọ̀ funfun nìkan ni ó kú sínú àgọ́. A kó àwọn ènìyàn dúdú sí àgọ́ tiwọn, ó kéré tán 14,000 nínú wọn ni ó sì kú síbẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Bóà sì parí ìjà wọn pátápátá, tí wọ́n so àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà pọ̀ di ọ̀kan ní 1910, òfin tí wọ́n fi dá ilẹ̀ náà sílẹ̀ sọ pé àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Yúróòpù wá nìkan ni ó lè jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn méjì jà, àwọn méjì rẹ́, ẹni kẹta ni ó san owó ìtanràn. N kò sọ pé yíyọ Peters ni ó bí òfin náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ kan náà ni ó wà nínú ohun kékeré àti ohun ńlá, ẹni tí ó bá sì ti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe kékeré rí, ẹnu rẹ̀ kì í gbà á láti bá ńlá wí.

Èyí tí ó ya mi lẹ́nu jù lọ ni ọjọ́ Plymouth. Bí ó bá ṣe pé a kò dán an wò rí, à bá gbà pé ẹ̀rù ni ó ba ìgbìmọ̀, pé wọ́n rò pé àwọn àlejò yóò bínú lọ. Ṣùgbọ́n a ti dán an wò. Ẹkùn kan péré, tí kò lágbára tó orílẹ̀-èdè, ti jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, àlejò sì jẹun. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje lọ láàárín ọjọ́ méjèèjì. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ará Devon, tí wọn kò gbọ́ òwe yìí rí, ni wọ́n mú un ṣẹ.

Kí n má baà dà bí ẹni tí ń bá òkú Gẹ̀ẹ́sì ṣẹjọ́, mo ní láti sọ ti ara mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́, a gbọ́ pé àlejò ńlá kan ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé wa, wọ́n sì ní kí n yan ọmọ kan tí yóò kàwé sókè níwájú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ó mọ̀ ọ́n kà ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wà ní kékeré, omi gbígbóná ti dà sí i lójú, àpá rẹ̀ sì bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Mo yan ẹlòmíràn. Mo ní kí ọmọ náà lọ máa ṣọ́ ìkòkò omi lẹ́yìn ilé, nítorí pé ó jẹ́ ọmọ tí a lè fọkàn tán. Ó wí pé, “Ó dára, sà,” ó sì lọ. Bí ọmọ tí mo yàn ti ń kàwé, ó dé ibi kan ó kọsẹ̀, kò sì rí ọ̀rọ̀ tí ó kàn. Láti ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ ohùn kan lóde, jẹ́jẹ́, tí ó ka gbólóhùn náà parí. Àlejò kò gbọ́ ọ. Àlejò kò sì bèèrè lọ́wọ́ mi rárá pé kí n gbé ẹnikẹ́ni pamọ́. Èmi ni mo rò ó mọ́ ọn. Ní ti èyí, àwọn ìgbìmọ̀ 1906 sàn jù mí lọ, nítorí pé àlejò tiwọn ti sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ti bi mí nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún wọn. Wọ́n ní, ǹjẹ́ ó tọ́ kí Peters gbà nígbà tí wọ́n tún pè é ní oṣù Kejì? Ọ̀kan wí pé bí ó bá jẹ́ òun ni, òun yóò dá ẹ̀wù náà padà. Mo ti rò ó sí ọ̀tún, mo ti rò ó sí òsì. Ìwọ̀sí ni kí a lé ènìyàn jáde kí a sì tún pè é wọlé bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀ n kò lè dá a lẹ́bi. Ẹ̀wù náà kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ọwọ́ wọn kàn ni ó wà. Ẹni tí a lé kúrò ní ilé baba rẹ̀, bí ó bá padà wọlé, kì í ṣe pé ó gbà pé ó tọ́ kí a lé òun. Ó lè jẹ́ pé ó ń sọ pé ilé ṣì ni ilé òun. Ṣùgbọ́n n kò bá ọmọ tí ó fẹ́ dá ẹ̀wù padà jiyàn títí. Mo fẹ́ kí irú wọn máa wà ní kíláàsì.

Ìyókù ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ìdíje márùn-ún péré ni ó ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí ọdún 1910, níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ọgbà tí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó pàdánù ìka mẹ́ta, ohun tí ó nira fún káfíńtà, tí ó sì nira fún ẹni tí ń fi ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀ ó tún ṣeré. Ní 1912, àwọn aláṣẹ rọ́gbì dá a dúró pẹ̀lú àwọn mìíràn ní agbègbè náà nítorí ọ̀rọ̀ owó, nítorí òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó lórí eré. Òfin yìí kan náà ni ó ti pín eré náà sí méjì láti 1895, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ apá àríwá, tí ó kún fún àwọn òṣìṣẹ́, bèèrè pé kí a san owó iṣẹ́ tí ènìyàn pàdánù bí ó bá lọ ṣeré, tí a sì kọ̀ fún wọn. Ẹni tí ó lówó nílé rọrùn fún láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé àwọn aláṣẹ tí wọ́n rí àyè tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún nítorí àlejò ní 1906 kò rí àyè kankan fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò pé mọ́.

Peters kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá, ó ṣeré fún Barrow ní 1913, ó sì ṣeré fún St Helens ní 1914. Lẹ́yìn náà ó padà sí Plymouth, ìlú tí kò mú un kúrò lórí ẹní, níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1954. Aláwọ̀ dúdú mìíràn kò wọ ẹ̀wù funfun náà ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè títí di 1988, nígbà tí a yan Chris Oti. Ọgọ́rin ọdún ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì.